Kí Ọwọ́ Má Ba Ẹ̀rí Jẹ́: Ìtọ́jú Owó Onírin Àtijọ́ tí a Hú Jáde Nílẹ̀

Ìfáàrà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni bí ó ti yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ṣe tọ́jú owó onírin àtijọ́ tí ó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, pàápàá èyí tí a hú jáde láti inú ilẹ̀. Ní ìlú Òyìnbó, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ tí ń ké nígbà tí ó bá rí irin, tí wọ́n sì ń fi wá irú owó bẹ́ẹ̀ kiri inú oko. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ náà kò wọ́pọ̀. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Agbowó tàbí Bódìjà, bí a bá ń la gọ́tà ní Dùgbẹ̀, tàbí bí àgbàrá òjò bá wọ́ erùpẹ̀ ògiri alámọ̀ tí ó ti wó lọ, owó àtijọ́ a máa yọjú. Ẹni tí ó bá rí i a sì máa mú un tọ olùkọ́ Yorùbá tàbí olùkọ́ Ìtàn wá, nítorí pé àwọn ènìyàn gbà pé àwa ni ohun àtijọ́ tọ́ sí.

Ohun tí ó máa ń tẹ̀lé e ni ó ń kọ wá lóminú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ fẹ́ kí owó náà máa dán gbinrin níwájú kíláàsì. Yóò fi òroǹbó wẹ́wẹ́ pa á, yóò bu iyanrìn àti eérú sí i, yóò sì fi kàn-ìn-kàn-ìn fá a títí ọwọ́ yóò fi máa dùn ún. Láàárín wákàtí kan, owó náà a dán bí ẹni pé àná ni a rọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọdún tí a kọ sí i ti parẹ́, orúkọ ọba ti di àbọ̀, ohun tí ó sì kù kò ju irin pẹlẹbẹ kan tí ó ní ihò láàárín lọ.

Èrò tiwa ni pé ọgbọ́n tí àwọn ìyá wa fi ń fọ idẹ dára fún idẹ tí ó ń bá ènìyàn gbé: ẹ̀gbà ọwọ́, àwo, agogo. Irú idẹ bẹ́ẹ̀ ń gba ìfọ̀ lóòrèkóòrè, kò sì sí ohun tí a fẹ́ kà lára rẹ̀. Owó tí ó ti ilẹ̀ jáde ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí, ó sì jẹ́ ìwé. Ta ni yóò fi iyanrìn nu ìwé kí ó tó kà á?

Ohun tí a kọ sára owó

Kí a tó mọ ohun tí ìfọ̀ ń bàjẹ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Láti 1907 ni a ti ń rọ kọ́bọ̀ oníhò àti onínì fún Nàìjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Onínì mẹ́wàá ni ó ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ihò àárín wọn kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa, tí wọ́n ti ń sín owó ẹyọ ní ogójì ogójì sí okùn. Ní 1912 ni a dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1913 sì ni tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì onífàdákà tí ìgbìmọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Nínú ìdá ẹgbẹ̀rún, 925 ni fàdákà gidi. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà wọ́n gógó, láti 1920 ni a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ wọn dípò rẹ̀. Nítorí náà, bí ènìyàn bá gbé ṣílè 1914 àti ṣílè 1924 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, igi ọ̀pẹ kan náà ni yóò rí lára méjèèjì, ṣùgbọ́n irin wọn yàtọ̀ bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru.

Ní 1959 ni Nàìjíríà ní owó tirẹ̀. A ya òwú sára tọ́rọ́ onígun méjìlá, ẹ̀pà sára ṣílè méjì, kòkó sì ni a yà sára sísì. Ìbàdàn kò lè fojú fo sísì yìí dá, nítorí pé owó kòkó náà ni a fi kọ́ Ilé Kòkó tí ó dúró sí Dùgbẹ̀ di òní, èyí tí a parí ní 1965. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ 1973, náírà dé. Orúkọ náà, kọ́bọ̀, dúró, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ yí padà: 240 kọ́bọ̀ àtijọ́ ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan, ṣùgbọ́n 200 péré ni ti tuntun, níwọ̀n ìgbà tí a ti ka pọ́n-ùn kan sí náírà méjì. Onímọ̀ èdè tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà láàárín òru kan ṣoṣo kò ní láti wá a lọ sí ibi tí ó jìnnà.

Lára ọ̀pọ̀ owó wọ̀nyí ni lẹ́tà kékeré kan wà tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. H dúró fún ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, KN dúró fún ti King's Norton ní ìlú kan náà. Èyí tí kò ní lẹ́tà rárá, Lọ́ńdọ̀nù ni a ti rọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́tà yìí sí owó dà bí àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá pa àmì rẹ́ lórí igba, igbá, ìgbà àti igbà, tí ó wá ní òun tún ojú ìwé ṣe, a mọ ohun tí a ó sọ fún un.

Àpẹẹrẹ tí ó tún lágbára ju èyí lọ ni ti ọdún 1936. Ọba Edward Kẹjọ kò pé ọdún kan lórí oyè tí ó fi sọ̀ kalẹ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, a kò kó owó tí ó ní àwòrán rẹ̀ jáde fún ìná. Ṣùgbọ́n owó oníhò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò nílò àwòrán ojú ọba. Orúkọ nìkan ni a ń kọ yí ihò ká. Nípa bẹ́ẹ̀, onínì, eépìnnì àti kọ́bọ̀ tí orúkọ ọba yìí wà lára wọn dé ọjà wa, àwọn ìyá wa sì fi wọ́n ra iyọ̀. Ẹni tí ó bá hú irú rẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀, tí ó sì fi iyanrìn fá orúkọ náà dànù, ti sọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ ìtàn náà di odi.

Ẹ̀wù tí ilẹ̀ fi wọ̀ ọ́

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà lára owó ni ìdọ̀tí. Erùpẹ̀ wà, ìpẹtà wà, ohun kẹta sì wà tí a ó máa pè ní awọ-ìgbà nínú iṣẹ́ yìí. Bí bàbà tàbí idẹ bá pẹ́ nínú ilẹ̀, afẹ́fẹ́, omi àti iyọ̀ inú erùpẹ̀ a máa bá ojú rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ títí yóò fi di awọ fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, dúdú tàbí ewéko. Ti fàdákà a máa dúdú nítorí imí-ọjọ́ tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú ilẹ̀. Awọ yìí, bí ó bá le tí ó sì dán, ààbò ni ó jẹ́ fún irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn pàápàá, lẹ́tà tí a ń kà kò sí lára irin mọ́. Inú awọ-ìgbà ni ó kù sí. Bí a bá bó awọ, a bó lẹ́tà. Kódà, àwọn tí ń ra owó àtijọ́ mọ̀ ọ́n: èyí tí a fá dán kì í pa iye tí èyí tí a kò fọwọ́ kàn ń pa.

Ẹ̀wẹ̀, àwọ̀ ewéko kan wà tí kì í ṣe ààbò. Bí a bá rí èyí tí ó mọ́ bí ewé tuntun, tí ó sì ń bu bí ìyẹ̀fun lójú kan lára idẹ tàbí bàbà, àrùn idẹ ni. Iyọ̀ tí ó ti wọ inú irin ni ó ń fà á. Bí ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ bá bá iyọ̀ yìí pàdé, ásíìdì a máa jáde, a jẹ irin, a sì tún padà di iyọ̀ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí nínu ìyẹ̀fun náà dànù nìkan kò fi tó. Ní Ìbàdàn, níbi tí ọ̀rinrin ti máa ń wà nínú ilé fún ọ̀pọ̀ oṣù ní àsìkò òjò, owó tí ó ní àrùn yìí lè lu ihò láàárín ìgbà díẹ̀.

Irin wo ni, kí sì ni ọ̀tá rẹ̀?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí a ó fi fọ̀ ọ́ bí kò ṣe ohun tí a fi rọ ọ́. Òòfà kékeré yóò ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ owó tí a ṣe ní 1991, láti kọ́bọ̀ kan dé náírà kan, irin lásán ni wọ́n nínú, bàbà tàbí níkẹ́ẹ̀lì ni a kàn fi bò wọ́n. Òòfà yóò gbé wọn. Kọ́bọ̀ 5, 10 àti 25 ti 1973, bàbà tí a pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì ni, òòfà kò sì ní rí wọn gbé. Bí omi bá ráyè wọ abẹ́ ìbòrí ti 1991, ìpẹtà pupa ni yóò ti inú jáde wá. Rírẹ ẹ́ sínú omi kò yẹ ẹ́ rárá.

Òroǹbó wẹ́wẹ́ ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí òun ni ọwọ́ wa kọ́kọ́ ń lọ bá. Ásíìdì inú rẹ̀ ń jẹ awọ-ìgbà, lẹ́yìn náà ó kọjú sí irin. Lára idẹ, síǹkì ni ó máa ń kọ́kọ́ yọ jáde, tí yóò sì ku bàbà sójú; ìdí nìyí tí ṣílè onídẹ tí a rẹ sínú omi òroǹbó fi máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ dípò kí ó máa tàn bíi wúrà. Àwọ̀ náà kò lè padà mọ́. Ọtí kíkan àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí àwọn ọmọdé ń rẹ owó sí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Bí ó bá sì jẹ́ owó ẹyọ ni a hú, ọ̀rọ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìkarahun ni owó ẹyọ, ohun kan náà tí ó wà nínú èèpo ẹyin. Inú omi òroǹbó, yóò máa hó, yóò sì máa yọ́. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó fún un.

Eérú ní tirẹ̀ kì í ṣe ásíìdì. Òdìkejì rẹ̀ ni. Onínì àkọ́kọ́ tí a rọ ní 1907 àti 1908, alumíníọ̀mù ni. Ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ wa kò gbà á, ó ń jẹrà, ìdí nìyí tí a fi tètè fi bàbà oníníkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Bí irú onínì fúyẹ́fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ bá là á já títí di òní, tí a wá gbé e sínú omi eérú tàbí ọṣẹ dúdú, àwa ni a ó parí ohun tí ilẹ̀ kò lè parí. Iyanrìn kò yan ọ̀kan láàyò. Ó le ju bàbà, idẹ àti fàdákà lọ, gbogbo wọn ni ó ń fá lójú. Àdín àti òróró mìíràn tí àwọn kan fi ń rẹ owó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò sàn tó bí a ti rò, nítorí pé bí òróró bá ti ń kan ni ó ń ní ásíìdì tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kán-ún dùn mọ́ wa púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní èròjà kan, sodium sesquicarbonate, tí wọ́n ń pò mọ́ omi láti fa iyọ̀ jáde lára idẹ tí ó ní àrùn. Èròjà yìí gan-an ni ó pọ̀ jù nínú kán-ún tí a fi ń se ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí da kán-ún lu owó: kán-ún ọjà kò dá wà, iyọ̀ jíjẹ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, iyọ̀ yìí sì ni ọ̀tá tí a ń sá fún.

Bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ níwọ̀n

Nígbà púpọ̀, kí a má fọ̀ ọ́ ni ó dára jù. Bí a bá ti lè ka ọdún, orúkọ ọba àti lẹ́tà kékeré, iṣẹ́ ti parí. Ó di ìgbà tí erùpẹ̀ bá bo ìwé mọ́lẹ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án. Kí a sì kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ ní iwájú àti ẹ̀yìn, kí a wọn ìwúwo rẹ̀ bí òṣùwọ̀n kékeré bá wà.

Omi tí a ó lò gbọdọ̀ jẹ́ aláìníyọ̀, irú èyí tí a kọ distilled water sí lára, tí àwọn tí ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe ń lò. Omi ẹ̀rọ ní klorín nínú, omi kànga a sì máa ní iyọ̀ ilẹ̀. Níbí ni ewu wà: àwọn kan náà ni wọ́n ń ta ásíìdì bátìrì, nínú ike tí ó jọra, omi bátìrì sì ni àwọn ènìyàn ń pe méjèèjì. Kí a ka àkọlé rẹ̀, kí a rà á ní ike tí a kò tíì ṣí, kí a má gbà á nínú ìgò tí ẹlòmíràn dà á sí.

A ó gbé owó kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ ike tirẹ̀, kí irin méjì má bàa máa bá ara wọn jà nínú omi. Lẹ́yìn ọjọ́ kan a ó pààrọ̀ omi, a ó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí erùpẹ̀ bá rọ̀, a ó fi igi ìtayín tí a ti rẹ sómi, tàbí ẹnu orín tí a ti rún dáadáa, tì í díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ awò tí ń sọ nǹkan di ńlá. Abẹ́rẹ́, ọ̀bẹ àti búrọ́ọ̀ṣì onírin kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń yára, kí a dáwọ́ dúró di ọjọ́ kejì; ìkánjú ni ó ti ba owó jẹ́ jù. Bí fífi igi tì í bá bẹ̀rẹ̀ sí yí àwọ̀ padà, a ti dé awọ-ìgbà, a kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó fi òwú tẹ omi gbẹ lára rẹ̀ láìnù ún, a ó sì tẹ́ ẹ sí ibòji fún odidi ọjọ́ kan. Kí a má ṣe yá a níná.

Bí ó bá jẹ́ àrùn idẹ ni, kí a yà á sọ́tọ̀, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a sì gbé e lọ bá àwọn tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn. Oògùn tí wọ́n ń lò fún un ní májèlé nínú, kì í ṣe ohun tí a ń pò ní ilé ìdáná.

Ewu fún ẹni tí ń fọ̀ ọ́

Owó nìkan kọ́ ni ìfọ̀ lè pa lára. Ẹni tí ó bá da Jik pọ̀ mọ́ òroǹbó tàbí ásíìdì mìíràn nínú iyàrá ti pèsè afẹ́fẹ́ olóró tí ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Fífi iná bátìrì fọ owó nínú omi oníyọ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń dán wò, lè mú afẹ́fẹ́ kan náà jáde pẹ̀lú òmíràn tí ń gbiná. Bí a bá sì so ṣíbí tí kì í dípẹtà mọ́ ọn, májèlé kan tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ lè wà nínú omi náà. A kò rí ìdí kan tí ó fi yẹ kí olùkọ́ dán an wò.

Erùpẹ̀ pàápàá kì í ṣe aláìlẹ́bi. Ní agbègbè Olódó níhìn-ín ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí ti rí òjé púpọ̀ nínú ilẹ̀ ibi tí a da ìdàrọ́ bátìrì sí. Òjé kì í rùn, kò sì ní adùn, ọpọlọ ọmọdé ni ó sì ń bá jà jù. Nítorí náà, kí a má ṣe gbọn erùpẹ̀ gbígbẹ lára owó, kí a má fẹ́ ẹ lẹ́nu. Kí a wọ ìbọ̀wọ́, kí a má lo abọ́ tí a fi ń jẹun, kí a sì fọ ọwọ́ kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ní kíláàsì, àwòrán ńlá ti owó tí a hú ni kí a gbé kọ́ ara ògiri. Kọ́bọ̀ 1991 tí ó ti wà nínú àpótí láti ọjọ́ yìí ni kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbé lọ́wọ́, àwọn tí kò tíì kọjá ki nǹkan bọ ẹnu sì ni a kò ní fún rárá.

Ìpamọ́ àti ìròyìn

Ọ̀rá tí ó rọ̀ tí ó sì ń rùn bí ike tuntun, rọ́bà tí a fi ń di owó, àti ìwé ìròyìn, gbogbo wọn ni ó ń tú nǹkan jáde tí ń ba owó jẹ́. Àpò ìwé funfun tí kò ní ásíìdì ni ó yẹ, nínú ike tí ó dé pinpin, pẹ̀lú àpò kékeré onípẹ́lẹ́bẹ́ tí ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun. Etí ni kí a ti máa mú owó, kí òógùn ìka má bàa kàn án lójú.

Òfin 77 ti 1979 tí ó dá Àjọ Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀ kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti máa walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kiri láìgba ìwé àṣẹ, yálà ọkọ́ ni ó gbé lọ́wọ́ tàbí ẹ̀rọ tí ń ké. Kọ́bọ̀ kan tí ó yọ nínú ìpìlẹ̀ ilé kì í ṣe ẹjọ́ ńlá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìkòkò owó ẹyọ ni, tàbí owó púpọ̀ lójú kan, kí a dá iṣẹ́ dúró, kí a má kó o jáde, kí a sì fi tó Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Aléṣinlóyè létí, tàbí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ nípa Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ìkòkò ti dúró, ohun tí a fi dé e, àti bí a ti sín ẹyọ inú rẹ̀ lè sọ fún wọn ohun tí ẹyọ fúnra rẹ̀ kò lè sọ.

Lára àpò ìwé kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ọjọ́ tí a rí i, àdúgbò, bí ó ti jìn tó nínú ilẹ̀, àti ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀. Kọ́bọ̀ tí a hú ní Dùgbẹ̀, níbi tí ọjà àti ilé ìtajà Òyìnbó ti gbilẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, kò wí ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí a bá lábẹ́ ògiri agboolé. Kí a sì fi ìlà kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún orúkọ tí àgbàlagbà ilé náà pe owó ọ̀hún nígbà tí a fi hàn án, gẹ́gẹ́ bí ó ti pè é gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.